Ìlà Kan Tí Mo Gé Kúrò

                                                  Yàrá Kẹsàn-án, Òkè Kẹta,
                                                  Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
                                                  Lẹ́yìn Ibùdókọ̀ Ńlá.
                                                  Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kọkànlá.

Afàlàgún, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ní àràárọ̀, kí n tó fi omi kan ojú, mo máa ń gbé kẹ́tùlù kaná, màá sì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì ló kọjú sí mi ní òdìkejì títì. Ilẹ̀kùn irin ni wọ́n fi ń tì í, irú èyí tí wọ́n ń ká sókè bí ẹní, ẹnì kan sì ti fi ọ̀dà pupa kọ ìlà mẹ́fà sí i lára. Oníbúrẹ́dì á dé, á fi èékánná ha irùngbọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á bẹ̀rẹ̀ ṣí àgádágodo, á sì máa ká ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀ nítorí pé ó ti dípẹtà. Ìlà òkè ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, ti ìsàlẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn. Eré ìje ni èmi àti òun ń sá láìjẹ́ pé ó mọ̀: ṣé màá kà á tán kí òun tó ká a tán? Ní ọjọ́ kìíní, mi ò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ni mò ń wò, bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ṣe fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó gbé garawa omi. Ní báyìí, mo ti ń ka ìlà mẹ́rin nínú mẹ́fà. Nígbà tí omi bá fi máa hó, ilẹ̀kùn á ti lọ, ọ̀rọ̀ á ti bá a lọ, òórùn búrẹ́dì nìkan ló máa kù fún mi.

Mo mọ̀ pé o ti ń wí nínú ara rẹ pé, "Alákàn náà nù-un! Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ kí, kò tíì kí ènìyàn." Má bínú sí mi. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ wa ńkọ́, eyín rẹ̀ ti di mélòó, ta ló sì ń gé jẹ báyìí? Ọ̀gá wa tí wọ́n kọ́ wa ní pátákó kíkọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jágbe mọ́ búrọ́ṣì bí ẹni pé búrọ́ṣì ló jí ọ̀dà wọn? Àkàbà wa tó ń mì ńkọ́, ṣé ẹ ti wá igi tì í lẹ́sẹ̀, àbí ó dìgbà tó bá gbé ẹnì kan jó kí ẹ tó gbà pé kò dúró dáadáa? Ní tèmi, ara mi le. Mò ń jẹun, mo sì ń sùn. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé dípò kí n pè ọ́ lórí fóònù. Tí mo bá pè, ohùn mi á gbọ̀n, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò ní sí ẹni tó máa dé ìdí ọ̀rọ̀ nínú wa.

Ó di oṣù mẹ́ta báyìí tí mo ti dé ìlú yìí. Yàrá mi kò tóbi ju ibi tí à ń sá pátákó sí lọ: ibùsùn kan, tábìlì kan, àga kan, àti ìkọ́ mẹ́ta lára ògiri. Ẹ̀wù òtútù kan ṣoṣo ni mo ní, nítorí náà mo máa ń gbé e yí àwọn ìkọ́ náà ká, kí ọ̀kan má bàa máa gbéra ga sí àwọn yòókù. Ẹni tó wà ní yàrá kẹjọ máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tó bá wọlé. Ti yàrá kẹwàá máa ń fi gìgísẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Mo mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo wọn lórí àtẹ̀gùn, mi ò mọ orúkọ ẹnì kankan. Kẹ́tùlù nìkan ni mò ń bá sọ èdè wa, òun náà kì í sì í gbọ́ tèmi tán, bí inú rẹ̀ bá ti gbóná, á ké mọ́ mi. Orúkọ tí ọ̀gá wa sọ mí yẹ mí níbí ju bó ṣe yẹ mí nílé lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú nìkan ni èmi náà mú wá síbí, ẹnu mi ṣì wà lọ́nà.

Kí wọ́n tó gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wé tí mo tìtorí rẹ̀ wá, mo gbọ́dọ̀ fi ọdún kan kọ́ èdè wọn. Òkè ilé ìkàwé ni kíláàsì wa wà, àwa mẹ́rìnlá ni, a sì wá láti ibi mẹ́rìnlá. Olùkọ́ wa jẹ́ obìnrin gíga kan tí mo ń pè ní Aláwò-méjì nínú ọkàn mi, torí pé awò kan wà lójú rẹ̀, òmíràn wà lórí irun rẹ̀, síbẹ̀ ó máa ń tú inú báàgì rẹ̀ wá ẹ̀kẹta. Mo rò pé ìwé ni ó máa gbé fún wa ní ọjọ́ kìíní. Ó da ìwé ìròyìn àtijọ́, káádíbọ́ọ̀dù, máákà àti gọ́ọ̀mù sórí tábìlì, ó ní èdè kì í wọ orí ẹni tó káwọ́ gbera, pé ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ni à ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kọ orúkọ sára gbogbo ohun tó wà nínú yàrá: ilẹ̀kùn, àga, iná, ògiri. Awakọ̀ kan tó jókòó ní tábìlì wa kọ "Ẹ má fọwọ́ kàn án," ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbàgbé gbólóhùn yẹn mọ́ nínú wa. Lẹ́yìn náà, a ya àwòrán òpópónà tí oníkálùkù ń gbà wá sí kíláàsì. Ẹlòmíràn á fi ìka rìn ín, á máa sọ ibi tó dé, bó bá ṣìnà, ìwọ tó yà á lo jẹ̀bi. Aláwò-méjì ń kọ́ wa bí ojú ṣe ń rìn lórí ìwé: ohun tó tóbi ló ń kọ́kọ́ kí ojú káàbọ̀, ohun tó dúdú ló tẹ̀lé e, àyè tó ṣófo sì ni àga tí ojú ń jókòó sí sinmi. Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo ohun tí ọ̀gá wa fi ariwo kọ́ wa, ẹ̀rín ni obìnrin yìí fi ń kọ́ àwọn tí kò mú búrọ́ṣì rí.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ọgbọ́n tó ń dá. Tábìlì kọ̀ọ̀kan, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, sísọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Rúlà kan, gọ́ọ̀mù kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ilé ẹ̀kọ́ náà ò rí rà ni. Ọjọ́ kan ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo rí sísọ́ọ̀sì ẹ̀kún àpótí nínú rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ tì wọ́n mọ́bẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gé nǹkan gbọ́dọ̀ tọrọ, ẹni tó bá sì fẹ́ tọrọ gbọ́dọ̀ la ẹnu. Ibi tí gbogbo wọn ti ń pariwo nìyẹn: "Fún mi, ẹ jọ̀ọ́." "Dúró, mi ò tíì ṣe tán." "Ìwọ lo mú un lẹ́ẹ̀kan!" Awakọ̀ á ní òun á gbé sísọ́ọ̀sì náà ré iná pupa kọjá.

Èmi nìkan ni kò tọrọ. O rántí abẹ tí a fi ń gé bébà àti rúlà irin tí o dì sínú àpò mi ní ọjọ́ tí mo ń bọ̀, tí o ní kí n má jẹ́ kí ọwọ́ mi gbàgbé iṣẹ́? Ọjọ́ kejì ni mo ti kó wọn wá sí kíláàsì. Láti ọjọ́ náà, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni fún ohunkóhun. Àwọn ará tábìlì wa rò pé iṣẹ́ ló mọ́ mi lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ mọ̀ mí, mo kàn ń sá pamọ́ sẹ́yìn abẹ ni.

Ó wá kan iṣẹ́ kẹta, èyí tó bí wàhálà. Aláwò-méjì pín wa ní méjì-méjì, ó ní kí a ṣe pósítà kan tí á sọ ohun tí a mọ̀ fún àwọn tó ń kọjá, tí àwọn kò mọ̀. Ó ní a ó pe àlejò wá wò ó, pé oníkálùkù á fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí ìwé, á kà á sókè, kò sì gbọdọ̀ ka ohun tí kò sí lórí ìwé. Èyí tó bá dára jù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ sínú àwọn bọ́ọ̀sì ìlú.

Màmá Bọ́ọ̀sì ni wọ́n pín mi mọ́. Ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, òun ló sì ń nu àwọn bọ́ọ̀sì nínú gáràjì tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìlú rẹ̀ jìnnà sí tiwa, jìnnà sí ibí náà. Èdè tí àwa méjèèjì ń tiro nínú rẹ̀ yìí nìkan ló so wá pọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò níbí, kò sì kàwé rí ní kékeré. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ èdè mìíràn ju ti ibí lọ. Bí ọmọ náà bá gbé ìwé ìtàn wá pé kí màmá àgbà ka nǹkan fún òun, Màmá á ní ojú ń dun òun. Ohun tó gbé e wá sí kíláàsì nìyẹn: ó fẹ́ kàwé fún ọmọ náà kí ọmọ náà tó dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń kàwé fún. Ó sọ fún mi pé ọmọ ọdún méje ni ọmọ náà, pé òun ò ní àkókò púpọ̀ mọ́.

Ó máa ń di máákà mú bí ẹni di igi ìgbálẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dùn. Ó sọ àwọn ohun tí ènìyàn ń gbàgbé sínú bọ́ọ̀sì fún mi: agbòjò, ìbọ̀wọ́ ọwọ́ kan, eyín àtọwọ́dá tí wọ́n fi bébà wé. Ó ní òun rí bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nígbà kan. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ kan! Ṣé ó fò délé ni?" Fèrèsé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí, kò sì sí ẹni tó ń wá gbà á torí pé kò sí ẹni tó mọ̀. A wá rí ohun tí a máa sọ. Mo kọ "Kí lo gbàgbé?" gàgàrà sókè, mo ya ìbọ̀wọ́ kan tó ń fi ìka tọ́ka sí fèrèsé náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè; mo ní lọ́kàn mi pé a bára mu.

Màmá ní òun náà fẹ́ kọ ìlà kan, tòun, pẹ̀lú ọwọ́ òun. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ ọ́. Ìgbà mọ́kànlá ló kọ ọ́, mo kà á. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ pósítà wa nígbẹ̀yìn ni èyí: "Mi ò mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí o máa ń gbé orí lé." Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní ní àràárọ̀, àmì orí àwọn èrò máa ń wà lára gíláàsì fèrèsé bọ́ọ̀sì, níbi tí wọ́n ti gbé orí tì í sùn. Ó ní ọ̀kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn nínú bọ́ọ̀sì kẹrin, ó kéré, ó wà nísàlẹ̀. Òun á nù ún lónìí, á tún wà níbẹ̀ lọ́la. "Bí mi ò bá rí i lọ́jọ́ kan, ara mi kì í balẹ̀. Màá ní, ṣé kò ṣàìsàn?"

Afàlàgún, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Mo tún ṣe ohun tí mo ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àlejò, mo ní kí n gbé pósítà náà wálé lọ tún un ṣe. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi. Ìbọ̀wọ́ náà dára. Àkọlé náà gún, ìwọ gan-an ì bá kan sáárá sí mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá gba gbogbo ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó tóbi níbìkan, ó kéré níbòmíràn, ó ń gun òkè lọ bí èèrà tó ń gun ògiri. Mo fi ọwọ́ bò ó, mo wò ó: ó mọ́ lóló. Mo gbé ọwọ́ kúrò: ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ohùn ọ̀gá wa ń dún létí mi: "Pátákó kì í ṣe lẹ́tà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀, ọkọ̀ á ti kọjá kí wọ́n tó kà á tán." Mo mú rúlà irin, mo mú abẹ. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Mo fi bébà funfun dí ojú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè rí ojú ibi tí mo ti gé e. Iṣẹ́ náà dára, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Mo sọ fún ara mi pé màá ṣàlàyé fún un láàárọ̀. Àlàyé náà gba bí ogún ọ̀rọ̀, bóyá mẹ́fà ni mo ní. Mo tètè dé, mo gbé pósítà náà kọ́ kí àwọn èèyàn tó dé, mo sì lọ dúró lẹ́bàá ògiri.

Màmá dé pẹ̀lú ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ti lọ ẹ̀wù rẹ̀, ó ti di irun rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká pẹ́ẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, lónìí ni." Nígbà tó kàn wá, èmi ni mo kọ́kọ́ ka tèmi. Màmá wá síwájú, ó na ìka rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ìka náà dúró. Ó gbé e lọ sí ọ̀tún díẹ̀, ó gbé e padà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í wọ́ lórí bébà funfun náà, láti òpin kan dé èkejì, bí ẹni tó ń wá ojú abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá àgbà, tìẹ dà?"

Ó ní, "Kò sí." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà sẹ́yìn.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé bí a ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn, pé nítorí ohun tó sọnù ni a ṣe fi àyè sílẹ̀. Ọ̀gá gáràjì wà níbẹ̀, ó ní tiwa lòun yàn. Ọkùnrin kan bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo wojú Aláwò-méjì, ó ń wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀, kò pàtẹ́wọ́. Mo sáré wá Màmá lẹ́nu ọ̀nà. Irú "ẹ má bínú" tí ènìyàn ń sọ nígbà tó bá tẹ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nìkan ni mo mọ̀ ní èdè yìí. Òun ni mo sọ. Ó ní, "Kò tọ́pẹ́," ìyẹn sì ni èsì tí wọ́n kọ́ wa pé kí a fún ẹni tó bá dúpẹ́. Kò ṣì í lò, mo wojú rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń sọ.

Kò wá ní ọjọ́ Ajé. Kò wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá pa kíláàsì jẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, wọ́n á fi àga rẹ̀ fún ẹni tó kàn lórí ìlà, ọdún tó ń bọ̀ ló sì tó lè padà wá bẹ̀bẹ̀. A kì í ní kíláàsì ní Ọjọ́rú, nítorí náà ọ̀la ni yóò di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó kàn náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń gbọ́. Káfíńtà kan ni, ó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ilẹ̀kùn wa ní gbogbo ọjọ́ kíláàsì pẹ̀lú ìwé tuntun lórí itan rẹ̀, ó sì máa ń dìde kí mi tí mo bá ń kọjá. Mi ò tiẹ̀ lè kórìíra rẹ̀.

Lánàá, lẹ́yìn kíláàsì, Aláwò-méjì ní kí n dúró.

"Ta ló gé e?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Ṣé òun ló ní kí o gé e?"

"Rárá."

"O bi í?"

Mo mi orí.

"Kí ló dé tí o ò bi í?"

Mo wá ọ̀rọ̀ lọ, mo wá ọ̀rọ̀ bọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Mo ní abẹ."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bọ́ ti orí, ó kó méjèèjì sórí tábìlì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ojú rẹ̀ lásán nìyẹn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní láti ọjọ́ kejì lòun ti rí abẹ náà. Ó ní iṣẹ́ mi dára, òun ò fẹ́ dí mi lọ́wọ́, pé òun náà jẹ nínú ẹ̀bi ọ̀hún. Ó ní òun ti pe Màmá lórí fóònù, Màmá sì ní ojú ń dun òun. Mo mọ irú ojú dídùn bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ó wá ká pósítà náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní ọjọ́ Ẹtì ni atẹ̀wé ń bọ̀ wá mú un, pé ohun tí èmi àti Màmá bá fi ẹnu kò lé lórí lòun máa gbé fún un, òun ò ní fọwọ́ kàn án.

Láti àná, aránṣọ olórúkọ mẹ́ta nì ni mò ń rò. O rántí rẹ̀? Pátákó rẹ̀ kúrú, ìwọ gé orúkọ àárín kúrò, a sì jọ rẹ́rìn-ín pé ta ló ń jẹ́ orúkọ gígùn báyẹn. Ó dé, ó dúró níwájú pátákó náà, ó ní, "Orúkọ bàbá mi ló wà láàárín." O rántí pé ọ̀gá wa ò pariwo lọ́jọ́ náà? Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ha ọ̀dà náà kúrò, wọ́n ní, "Àwa la ni ọ̀dà. Àwa la ni búrọ́ṣì. Ẹni tó ni pátákó ló ni ọ̀rọ̀." A rò pé ọ̀dà tó ṣòfò ló ń dùn wọ́n. Mo gbé ìdajì ẹ̀kọ́ wọn wá sí ìlú yìí, mo fi ìdajì sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ìlà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi ò gbà kí n sọ ọ́ nù. Inú ìwé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn oníbúrẹ́dì sí ló wà, ó fẹ̀ bí ìka mẹ́rin, ó gùn bí apá. Bí mo ṣe ń wò ó lórí tábìlì báyìí, láìsí ìbọ̀wọ́ àti àkọlé mi lókè rẹ̀, kò rí wọ́gọwọ̀gọ mọ́. Ó rí bí ẹni tó ń gun òkè.

Bá mi kí màmá rẹ dáadáa. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu, bí kò bá ní gé ọ jẹ. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ màmá mi, sọ fún wọn pé mò ń jẹun. Má sọ ìyókù. Kí ọ̀gá wa, kí o sì sọ fún wọn pé mo ti rántí ọ̀rọ̀ aránṣọ. Wọ́n á mọ ohun tí mò ń wí.

Lọ́la, kí oníbúrẹ́dì tó dé, màá ti jáde, kò sì sí ìlà kan tí màá kà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Gáràjì ni mò ń lọ. Màmá sọ fún mi nígbà kan pé bí wọ́n bá ń pa iná títì ni òun máa ń dé inú bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn. Màá gbé pósítà náà dání, màá mú ìlà náà àti gọ́ọ̀mù. Láti ọ̀sán ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ mi fún kẹ́tùlù kí n má bàa gbàgbé: "Màmá, mo gé ọ̀rọ̀ yín. Mi ò bi yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í síbi tí ẹ bá fẹ́." Bó bá ní orí ìbọ̀wọ́ mi lòun fẹ́ lẹ̀ ẹ́ sí, ibẹ̀ ló máa wà. Bí kò bá dá mi lóhùn, màá gba aṣọ ìnulẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, màá máa bá a nu gíláàsì títí á fi dáhùn, àbí títí aago kíláàsì á fi tó, a ó sì jọ rìn lọ. Mo ti ti abẹ àti rúlà irin mọ́ inú àpótí. Bí a bá jókòó ní tábìlì wa, màá na ọwọ́ sí awakọ̀ nì, màá sì sọ fún un kí gbogbo wọn gbọ́ pé kó jọ̀ọ́, kó fún àwa méjèèjì ní sísọ́ọ̀sì.

Tìrẹ ni mí níbikíbi tí mo bá wà,
Alákàn.